Ta Ló Mú Mìísì Wá Sétí Odò?

Àṣírù kò tíì fọ ẹnu tán tí ó fi rí èèkàn náà. Ó dúró ní bèbè odò lẹ́yìn ilé rẹ̀, orín wà lẹ́nu rẹ̀, omi ń fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń yọ. Àárín ẹrẹ̀ ni igi náà wà. Ó dúró ṣánṣán. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀, wọ́n fi funfun kun ìdí.

Ó tu itọ́ orín. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnìkan.

Ìrọ̀lẹ́ àná ló dé láti Ìsẹ́yìn, níbi tó ti lọ kí àwọn ẹbí. Nígbà tó ń lọ, kò sí igi níbẹ̀.

Ní Wọ́tásáìdì, àdúgbò etí odò yìí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé igi kì í hu ọ̀dà. Igi tó bá ní ọ̀dà lórí, ènìyàn ló gbé e wá, ẹni tó sì gbé e wá ní ohun tó ń wọ̀n. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n lónìí, katapílà ni yóò wá gbà á lọ́la.

Ọdún tó kọjá ni ìjọba wó àdúgbò Marókò. Kò sí ẹni tó gbàgbé ní gbogbo Ajégúnlẹ̀, nítorí àwọn tó sá wá láti ibẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí. Philomena jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹní, ìkòkò, àti àgbá tó fi ń yan ẹja ló rù dé. Àṣírù fún un ní yàrá kan lápá ẹ̀yìn, ó sì ń yan ẹja rẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ilé Àṣírù kì í ṣe ilé ńlá. Àmọ́ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó wà ní wọ́ọ̀fù Àpápá, tó jẹ́ olórí gáàngì àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun, pákó tí wọ́n fi ń tẹ́ abẹ́ ẹrù ni ó ń tọrọ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ọkọ̀, tí ó ń rù wálé ní ìrọ̀lẹ́. Àbàtà ni ibẹ̀ nígbà náà. Ó da èérún igi sí i, ó da iyanrìn lé e, ó dúró dè é títí tí ó fi gba ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ ló bí ọmọ sí. Orí rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí. Bí ilé yìí bá lọ, kò sí ibòmíràn tí yóò gbé orí lé ní Èkó.

Ó wọ inú ẹrẹ̀, ó fa èèkàn náà tu.

Philomena ti wà nídìí àgbá rẹ̀. Bó ti rí i tó ń gòkè bọ̀, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

"Baba, kí nìyẹn?"

"Igi ni."

"Mo rí i pé igi ni. Ọ̀dà wo ló wà lórí ẹ̀?"

Àṣírù fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò lára igi náà.

"Na so e start for Marókò," ni Philomena wí. "Igi kékeré báyìí. Àwa ò mọ nǹkan kan. Mo so okùn mọ́ ọn, mo ń sá aṣọ ọmọ sí i. Kí oṣù méjì tó pé, àti igi, àti aṣọ, kò sí èyí tí mo tún rí."

Tàwàkálítù jáde láti inú ilé. Òun ni àbígbẹ̀yìn Àṣírù, ó wà ní kíláàsì kejì sí ìparí ní ilé ìwé girama kan ní Olódì-Àpápá. Ó ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí igi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì dúró.

"Tàwà, ta ló wá síbí nígbà tí mo lọ?"

Kí ọmọ náà tó la ẹnu, Philomena gbà á sọ. "Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mi ò sí nílé, mo wà lọ́jà. Mi ò rí èèyàn kankan. Àmọ́ ẹni tó wá, ó mọ ọ̀nà. Ta ni yóò gba àárín ilé gbogbo yìí kọjá débí, bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan júwe fún un?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àṣírù lára. Ní wọ́ọ̀fù, ẹrù kì í sọnù lásán. Bí ẹrù bá sọnù, ọwọ́ kan wà nínú ilé tó ṣílẹ̀kùn fún ti òde. Ìdí nìyẹn tí gáàngì wọn kò fi ń gba ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ìwé nìkan. Bí àlejò bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni olórí ń bi í: ta ló mú ọ wá? Ẹni tó mú un wá yóò jáde síta, yóò dúró tì í. Bí àlejò náà bá jalè lọ́la, àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ. Bí Àṣírù ṣe ṣe iṣẹ́ olórí nìyẹn títí ó fi kúrò, kò sì tíì rí ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ.

Ó na igi náà sókè.

"Wàláhì tàláhì," ló wí. "Ẹni tó bá mú ọwọ́ tó ri igi yìí wọ ilẹ̀ mi, kò ní gbé orí ilẹ̀ mi mọ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

Tàwà wo ilẹ̀. Ó ní òun ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ó lọ. Búrẹ́dì rẹ̀ wà lórí pákó ẹnu ọ̀nà títí adìyẹ fi jẹ ẹ́.

Àṣírù gbé igi náà wọlé, ó jókòó lórí ibùsùn, ó yí i wò. Ìdí rẹ̀ ni ó tẹjú mọ́ jù, ibi tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó kó lè wọ ilẹ̀. Gbogbo ojú àáké lára rẹ̀ ló dà sí apá kan. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbẹ́ igi kì í gbẹ́ ẹ báyìí.

Ó mọ ọwọ́ òsì yìí.

Ebikabowei, ará Ìjọ̀, ló ni ín. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni Ebikabowei ti wà ní àgọ́ kan létí odò, lórí ilẹ̀ Àṣírù, níbi tó ti ń gbẹ́ àjẹ̀, tó sì ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ń sùn síbẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó ń bi í léèrè nǹkan kan. Nígbà tí ìyàwó Àṣírù kú, òun ló dúró tì í ní gbogbo àkókò tí kò lè sọ̀rọ̀. Òun náà kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àṣírù ti igi náà sábẹ́ ibùsùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ rí ẹni tí yóò padà wá wá a.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, obìnrin kan yọ láti àárín ilé. Kò ju ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó bo orúnkún, bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀, téèpù ìwọ̀nlẹ̀ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó rí Àṣírù.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán. Ta lò ń wá?"

"Odò ni mo wá wò, sà."

"Àìsàn ò ṣe odò."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Àṣírù kò rẹ́rìn-ín. Ni ẹ̀rín náà bá kú mọ́ obìnrin náà lẹ́nu.

Ó ní Nwakaego ni orúkọ òun, àmọ́ Mìísì ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe òun. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé girama ní Olódì-Àpápá. Kíláàsì òun máa jáde wá kọ́ nípa odò: bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe jìn tó, bó ṣe ń sáré tó, ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe. Àmọ́ a kì í kó ọmọ ọlọ́mọ wá sétí omi láì kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀. Òun wá ṣètò ni. Òun fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti le, ibi tí wọn yóò dúró sí, ẹni tí òun yóò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó ní Ọ̀nà Òjò ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà. Àṣírù kò bi í bóyá ilé ìwé Tàwà ni; kò tíì gbà pé tíṣà ni.

"Mo fi igi kan sàmì síbí lọ́jọ́ Sátidé, sà. Mi ò rí i mọ́."

"Odò máa ń gbé nǹkan lọ."

Mìísì wo omi, ó wo ojú Àṣírù, kò sọ̀rọ̀ igi mọ́.

"Ta ló mú ọ wá?" ni Àṣírù bi í.

"Èmi nìkan ni mo wá, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ẹ pọ̀. Ta ló mú ọ wá? O ò lè dá ọ̀nà yìí mọ̀."

Nwakaego yí téèpù náà lọ́wọ́. "Ẹnìkan júwe ẹ̀ fún mi, sà."

"Ta ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

Philomena, tó ń yí ẹja padà lórí àgbá, kọ hàà.

Àṣírù kò pariwo. Ó ń wo ojú obìnrin náà. Ẹni tó wá wo odò, odò ló yẹ kó máa wò. Ojú ti èyí kò dúró lórí omi. Ó ń lọ láti orí pánù òrùlé kan dé orí òmíràn, láti ọ̀dọ̀ Àṣírù títí dé ìdí afárá pákó tí wọ́n ń gbà kọjá, ètè rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀.

"Kí lò ń kà?"

"Ilé, sà."

"Odò lo ní o wá wò."

"Àwọn ọmọ máa ya máàpù, sà. Ilé wà létí odò. Wọ́n á yà á sí i. Ìdánwò Wáèkì ń béèrè..."

"Lọ."

"Sà?"

"Ọ̀nà tí o gbà wá, gbà á padà. Sọ fún ẹni tó rán ọ pé o bá mi nílé."

Nwakaego tún kúnlẹ̀, ó lọ. Philomena ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi bọ́ sẹ́yìn ilé.

"Tíṣà ni àbí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni?" ló bi ara rẹ̀. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń sọ Yorùbá? Bí wọ́n bá fẹ́ rán èèyàn sí yín, ṣé ẹni tí kò gbọ́ èdè yín ni wọ́n máa rán?"

"Bí ọmọ ilé ìwé bá fẹ́ ka odò," ni Àṣírù wí, "kí ló kan ilé?"

Ó wọlé, ó fa igi náà yọ, ó lọ sí àgọ́ Ebikabowei.

Ebikabowei jókòó sórí àjókù ọkọ̀, àjẹ̀ tuntun wà láàárín orúnkún rẹ̀, àáké kékeré wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Olórí, o tètè dé. Mi ò tíì gbé omi tíì kaná."

Àṣírù ju igi náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ?"

Ebikabowei wò ó. "Èmi ni."

"Fún ta ni?"

Àáké náà dúró. Ebikabowei gbá èérún kúrò ní itan rẹ̀.

"Ẹni tó ní kí n gbẹ́ ẹ ló ni ẹnu tí yóò fi sọ ọ́."

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Mo gbọ́. Mo sì ti dá ọ lóhùn."

"Ebi, ilé mi ni wọ́n fẹ́ wó."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Igi lo fún wọn. Wọ́n ti gbé téèpù dé. Obìnrin kan ń ka òrùlé mi bí ẹni ń ka adìyẹ tó fẹ́ pa. O jókòó síbí, ò ń sọ fún mi pé ẹnìkan ní ẹnu."

Ebikabowei dìde. Ó ga ju Àṣírù lọ, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.

"Láti ìgbà tí mo ti wà níbí," ló wí, "wetin I don thief from you?"

Àṣírù tẹjú mọ́ igi tó wà nílẹ̀.

"Dá mi lóhùn. Kí ni mo jí rí?"

"Mo ti búra. Ẹni tó bá mú wọn wá kò ní gbé ilẹ̀ mi mọ́."

"Èmi ni mo mú wọn wá?"

"Sọ ẹni tó mú wọn wá, nígbà náà."

Ebikabowei wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú títí. Ó yíjú padà. Ó gbé àáké náà sínú àpótí irinṣẹ́, ó gbé èkejì lé e, ó ń wá ayùn.

"Ó dáa," ló wí. "Mo ti gbọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ni Tàwà tó dé láti ilé ìwé. Ó gba etí odò kọjá, ó rí ọkọ̀ Ebikabowei nínú omi, ẹní àti àpótí wà nínú rẹ̀, ìkòkò wà lórí àpótí. Ó dúró. Ó fi báàgì ìwé rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó sáré wá bá bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Bàbá mi, ẹ má lé Bàbá Ebi lọ. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo mú Mìísì wá."

Àṣírù wo ọkọ̀ Ebikabowei lórí omi.

Ọmọ náà ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ nu imú. Mìísì ló bi wọ́n ní kíláàsì pé ta ló mọ ibi tí èèyàn ti lè dé etí odò láìséwu. Gbogbo àwọn ọmọ dákẹ́. Ojú ń ti àwọn tó ń gbé Wọ́tásáìdì láti sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Òun nawọ́. Òun ní ẹ̀yìn ilé bàbá òun ni, pé bàbá òun ló ní ojú ọ̀nà odò. Inú òun dùn nígbà tí Mìísì ní ó dára. Òun ló bẹ Bàbá Ebi kó gbẹ́ igi náà. Òun rò pé òun yóò sọ fún Bàbá bí wọ́n bá ti Ìsẹ́yìn dé. Àmọ́ kí òun tó sọ, wọ́n ti búra.

"Ìwọ lo ní kí Mìísì má sọ?"

"Mo bẹ̀ wọ́n ni, sà. Mo bẹ Bàbá Ebi náà. Wọ́n ní kí n fúnra mi sọ ọ́, pé àwọn ò ní bá mi sọ ọ́."

Philomena ti dá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ha! Baba, ìbúra yín ti mú yín. Ṣé ọmọ náà ló máa wá kó ẹrù báyìí?"

"Philomena, ẹja rẹ ń jóná."

"Kó jóná."

Àṣírù ní kí Tàwà dìde. Kò nà án. Kò bú u. Ó ní kó lọ gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní iyanrìn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó jẹ sààrì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn tó mọ ìwé mọ̀ pé ìbúra tí kò ṣeé mú ṣẹ ní ìtánràn: kí ènìyàn bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta bí kò bá ní. Tálákà kò jìnnà ní Ajégúnlẹ̀, àmọ́ oúnjẹ mẹ́wàá jìnnà sí Àṣírù.

Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu ló fi rìn lọ sí Olódì-Àpápá. Ọmọ rẹ̀ ló mú obìnrin náà wá. Ìyẹn ti yé e. Ohun tí kò tíì yé e ni ibi tí máàpù yóò lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán.

Nwakaego wà ní kíláàsì, àwọn ọmọ ti lọ síta fún ìsinmi. Ó gbé àga fún un. Ó fẹ́ bu omi tútù fún un. Àṣírù ní òun ń gbààwẹ̀.

"Fi ohun tí o fẹ́ ṣe hàn mí," ló wí.

Mìísì kò jiyàn. Ètò náà wà lára ògiri, ó fi máákà kọ ọ́ sórí páálí. Ó ń tọ́ka sí i, ó ń ṣàlàyé. Ọjọ́ tí omi bá ń fà láàárọ̀ ni wọn yóò wá, kí ẹrẹ̀ lè yọ, kí ọmọ kankan má baà rì. Ẹgbẹ́ kan yóò ta okùn kọjá odò láti wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì yóò ju ọsàn sínú omi, wọn yóò wo bó ṣe ń yára lọ láti èèkàn kan dé èkejì. Nítorí náà ni òun ṣe nílò igi. Ẹgbẹ́ kẹta yóò dúró lórí ilẹ̀, wọn yóò ya ohun tó wà létí odò.

"Ẹgbẹ́ kẹta," ni Àṣírù wí. "Yọ ọ́."

"Ilé ni ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yà, sà?"

"Kí wọ́n ya omi. Omi kò ní katapílà tó ń wá a."

Nwakaego jókòó. Ó pa ọwọ́ pọ̀ lórí tábìlì.

"Mo lè yọ ọ́, sà. Mo lè sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ 'ilẹ̀' síbẹ̀, kó tán. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

Máàpù ńlá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ ti ya. Ó fi ìka tọ́ ọ̀nà Wọ́ọ̀fù, ó tọ́ èbúté Àpápá. Ó tọ́ èbúté Tíńkáàn, tí wọ́n yà mèremère, àti ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka lọ sí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì dúró.

"Ibí ni ilé yín, sà."

Àṣírù tẹ orí mọ́ ọn. Àmì koríko àti omi ló rí, wẹ́wẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ.

"Ilé mi ti wà kí wọ́n tó la Tíńkáàn."

"Mo mọ̀, sà."

"Tíńkáàn wà níbí."

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ilé yín ni kò sí. Bí ẹni tó ní máàpù yìí lọ́wọ́ bá dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la, á ní àbàtà ni òun bá. Á ní kò sí èèyàn níbẹ̀ rí."

Àṣírù ń wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn jù ni ó ń bẹ̀rù. Ìjẹ ni ẹja ń rí, kì í rí ìwọ̀.

"Ta ni yóò gba ti àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán?"

"Èmi ni máa máàkì í, sà. Ọ̀kan á wà lára ògiri níbí. Mi ò lè purọ́ fún yín pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ilé ìwé ni, èèyàn ń wọlé."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn nínú gbogbo ohun tó sọ. Àṣírù gbé e dání lọ sílé.

Ó dúró níwájú àgbá Philomena. Èéfín ń lọ sókè.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sí Marókò, kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"

Philomena wò ó bíi pé ó fẹ́ mọ ìdí tó fi ń béèrè. "Ìwé. Ọ̀gá kan mú ìwé dání. Ìyálé mi ní, sà, ilé wa rèé. Ọ̀gá náà na ìwé náà sí i. Ó ní, 'Madam, for here, na bush I see.' Ó dúró nínú pálọ̀ wa, ó ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ya ilé náà síbì kan, ṣé kò ní wó o?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Katapílà kì í kàwé." Ó yí ẹja kan padà. "Àmọ́ ní báyìí, bí mo bá ní mo ní ilé rí, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin pàápàá, ọ̀rọ̀ ẹnu mi lẹ gbà."

Òótọ́ ni. Àṣírù kò rí ilé náà rí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò. Ebikabowei kò tíì lọ. Omi ti kún lẹ́ẹ̀kan, ó ti fà; ó tún ń dúró de èkejì kí ọkọ̀ lè gbéra. Ó jókòó sétí ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ilé.

"Mo ṣì ọ́ mú," ni Àṣírù wí.

"Mo gbọ́. Tàwà ti wá."

"Kó ẹrù rẹ padà."

Ebikabowei kò dìde. "Lánàá o ní kí n kó o lọ, lónìí o ní kí n kó o padà. Lọ́la ńkọ́? Bí adìyẹ rẹ bá sọnù lọ́la?"

Àṣírù jókòó sórí iyanrìn. Wọ́n ń wo omi. Àbàwọ́n epo kan ń ṣàn lọ lórí rẹ̀, ó ń tàn bí òṣùmàrè.

"Mìísì fẹ́ kí àwọn ọmọ ya ilé sí máàpù," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ààbò ni àbí pańpẹ́."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Ohun tó bá wà nínú rẹ."

Ebikabowei ronú sí i. "Bí wọ́n bá máa yà á, kí wọ́n ya àgọ́ mi lọ́tọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i. Kì í ṣe 'ẹ̀yìn ilé Àṣírù'. Orúkọ mi. Kí ẹni tó bá ń lé mi lọ mọ̀ pé ó ń lé èèyàn kúrò níbì kan."

Àṣírù kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ ohun tó ń gbọ́. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni àgọ́ náà wà. Bí orúkọ bá wọ orí ìwé, orúkọ lè hu gbòǹgbò. Ebikabowei ní àwọn ọmọkùnrin nílé ní ìlú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwọn méjèèjì bá ti lọ, àwọn ọmọ náà lè dé pẹ̀lú máàpù ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n sọ fún Tàwà pé ti bàbá àwọn ni ibí. Ṣé ohun tí ọkùnrin yìí ń rò nìyẹn? Ó wo ojú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ẹni tí wọ́n ti lé.

Kò fèsì lọ́jọ́ náà. Omi kún, Ebikabowei kò sì lọ. Kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn tí ààwẹ̀ parí, Àṣírù rán Tàwà sí Mìísì pé kó wá. Nwakaego dé ní ìrọ̀lẹ́, páálí kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta. Philomena gbé ẹja yíyan wá nínú abọ́, ó ní kí Mìísì jẹ, pé ẹja gbígbóná kì í dúró de ọ̀rọ̀. Ebikabowei wá, kò jókòó. Ó fara ti òpó.

Mìísì tẹ́ páálí náà lé orúnkún. Ó ní ìlà àkọ́kọ́ ni òun máa fà, kí òun lè pín ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Ó fa odò. Ó ya afárá pákó. Ó gbójú sókè, ó ń dúró.

Àṣírù gbójú wo òrùlé ilé rẹ̀.

"Ya á," ló wí.

Ó ya ilé náà, igun mẹ́rin. "Kí n kọ orúkọ sí i, sà?"

"Kọ ọ́."

Ó kọ Àṣírù. Ó ya yàrá ẹ̀yìn, Philomena na ọrùn, ó ní kó má gbàgbé àgbá òun, kí gbogbo ayé lè mọ ibi tí ẹja wà. Lẹ́yìn náà Mìísì fi pẹ́ńsù tọ́ àgọ́ etí omi.

"Èyí ńkọ́, sà? Ṣé ti ilé yìí náà ni?"

Tàwà wo bàbá rẹ̀. Àṣírù ń wo ìlà dúdú lórí páálí, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí pẹ́ńsù náà bá yí igun mẹ́rin mìíràn níbẹ̀, ilẹ̀ náà yóò kéré lójú ẹni tó bá ń wò ó.

"Rárá," ló wí. "Ti Ebikabowei ni. Ya á lọ́tọ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yẹn, sà?"

Ebikabowei kúrò lára òpó. Ó ń pe lẹ́tà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sinmi lẹ́yìn èyí tó bá pè. Kò wo ìwé náà rárá. Àṣírù ni ó ń wò, Àṣírù náà ń wò ó, títí lẹ́tà fi pé.